Bùùtù onísàlẹ̀ rọ́bà fún ọdẹ ní Abuja àti Òkè Ọya: ìbéèrè yín àti ìdáhùn wa

Bùùtù tí à ń sọ níbí ni èyí tí rọ́bà bo ìsàlẹ̀ rẹ̀, láti àtẹ́lẹsẹ̀ dé orí ọmọ ìka àti ẹ̀yìn gìgísẹ̀, tí awọ wá gba ibẹ̀ gòkè lọ sí kókósẹ̀ tàbí ojúgun. Kì í ṣe bùùtù sójà, kì í sì í ṣe bàtà òjò. Àwọn tó ń bi wá jù ni àwọn Yorùbá tó ń gbé Kubwa, Lugbe, Nyanya àti Gwagwalada, tí wọ́n ń bá àwọn ọdẹ Gbagyi wọ igbó lópin ọ̀sẹ̀, àti àwọn ará Kàbà, Mopà àti Ẹ̀gbẹ̀ tí wọ́n ń dẹ̀gbẹ́ nígbà tí wọ́n bá lọ sílé.

Ta ló kọ́kọ́ ṣe irú bàtà yìí?

Ọdẹ ló ṣe é. Leon Leonwood Bean ni orúkọ rẹ̀, ará ìpínlẹ̀ Maine ní Amẹ́ríkà. Ó ti sú u kó máa ti igbó bọ̀ tòun ti ẹsẹ̀ tútù, ló bá ní kí ṣúmékà kan rán awọ mọ́ ìsàlẹ̀ bàtà rọ́bà lọ́dún 1911. Nígbà tó di 1912, ó kọ̀wé sí àwọn tó ń ti ibòmíràn wá gba ìwé àṣẹ ọdẹ ní Maine, ó sì ta bàtà 100 fún wọn. 90 nínú rẹ̀ ni wọ́n dá padà, torí pé ojú ìránpọ̀ já: awọ ń lọ ní tiẹ̀, rọ́bà ń lọ ní tiẹ̀. Ó dá owó wọn padà, ó yáwó, ó wá rọ́bà tó dáa ju ti àkọ́kọ́ lọ, ó sì tún bàtà náà ṣe. Ilé iṣẹ́ tó dá sílẹ̀, L.L.Bean, ṣì ń ṣe é dòní, àwọn ilé iṣẹ́ mìíràn náà sì ń ṣe irú ẹ̀.

Ohun tó rò kò le. Awọ máa ń mu omi, tó bá sì mu ún tán, ó di ẹrù sí yín lẹ́sẹ̀. Rọ́bà kì í mu omi, ṣùgbọ́n tí rọ́bà bá bo ẹsẹ̀ dé orúnkún nínú ooru, inú rẹ̀ á dà bí ìkòkò tí wọ́n fi ń se mọ́ínmọ́ín. Ló bá fi rọ́bà síbi tí omi wà, ó fi awọ síbi tí ẹsẹ̀ ti nílò atẹ́gùn.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé bàtà 90 yẹn. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra bùùtù yìí, ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ tọ́jú ẹ̀, ẹ̀yin tí tiyín ti já, ibì kan náà la máa ní kí gbogbo yín wò: ibi tí awọ ti pàdé rọ́bà.

Ilẹ̀ Maine tutù, yìnyín ń bọ́ níbẹ̀. Kí ló wá kan èmi tí mò ń gbé Gwagwalada?

Omi ló kàn yín, kì í ṣe òtútù. Láti April títí wọ October lòjò ń rọ̀ ní Abuja. Tó bá di September, koríko ti ga ju ènìyàn lọ, ìrì òwúrọ̀ orí rẹ̀ nìkan sì tó láti mú ṣòkòtò tutù dé itan kí oòrùn tó yọ. Ẹni tó ń gba àkùrọ̀ kọjá lẹ́bàá odò Usuma tàbí Gurara, tó ń wá ọ̀yà létí omi, tó ń tẹ pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ láàárín oko ìrẹsì, ẹni yẹn ni wọ́n ṣe bàtà yìí fún. Bákan náà lẹ́bàá Niger àti Benue ní ìhà Lọ́kọ́ja.

Ẹ̀ẹ̀rùn yàtọ̀. Láti December dé March, ilẹ̀ ti gbẹ, wọ́n ti sun ìgbẹ́, ẹran ti ń hàn lókèèrè. Ìgbà yẹn gan-an lọ̀pọ̀ ọdẹ ń jáde níhìn-ín, ìgbà yẹn náà sì ni bùùtù yìí kò fi bẹ́ẹ̀ wúlò. Bàtà awọ lásán tàbí ti kánfáàsì fúyẹ́ jù ú, ẹsẹ̀ kì í sì í gbóná nínú rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀rùn nìkan lẹ máa ń wọ igbó, ẹ má wulẹ̀ rà á. Mo mọ̀ pé àwọn tó ń tà á kò ní sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Àfi tẹ́ ẹ bá ń lọ ṣọ́ ẹran létí omi lóru, níbi tí ẹrẹ̀ kì í ti í gbẹ tán láàárín ẹ̀ẹ̀rùn.

Ohun mìíràn tí ẹ̀ẹ̀rùn ń ṣe: eérú ìgbẹ́ tí wọ́n sun lónìí lè mú iná lábẹ́ títí di ọ̀la. Rọ́bà kò fẹ́ iná. Ẹ má gba orí ilẹ̀ tó ṣì ń rú èéfín kọjá.

Ṣé ejò ò ní lè bù mí jẹ tí mo bá wọ̀ ọ́?

Ẹ má gba ìlérí yẹn lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Rọ́bà tó nípọn àti awọ tó nípọn lè dá eyín ejò dúró, ó sì dájú pé ó sàn ju sálúbàtà lọ lọ́nà tí kò ṣeé fi wéra, ṣùgbọ́n torí omi ni wọ́n ṣe ṣe bàtà yìí, kì í ṣe torí ejò. Bùùtù tí wọ́n dìídì ṣe fún ejò wà lọ́tọ̀, ó máa ń ga dé abẹ́ orúnkún.

Ejò tó ń ṣọṣẹ́ jù ní ilẹ̀ koríko Òkè Ọya ni paramọ́lẹ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní carpet viper. Ó máa ń fara pamọ́ sínú ewé gbígbẹ àti abẹ́ òkúta, tínú bá sì ń bí i, á máa fi ìpẹ́ ara rẹ̀ ha ara wọn, ẹ óò gbọ́ tó ń dún ṣìì. Oró rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì. Ẹni tó bù jẹ lè rí i pé ẹ̀jẹ̀ ń jáde ní erìgì òun. Paramọ́lẹ̀ ńlá kì í sábà sá fún ẹsẹ̀ ènìyàn, ibi tó wà ló máa wà títí ẹ óò fi tẹ̀ ẹ́. Sèbé a máa tu oró síni lójú, bùùtù kò sì bo ojú.

Ẹsẹ̀ àti ìsàlẹ̀ ojúgun ni ọ̀pọ̀ ejò ti ń bu ènìyàn jẹ, èyí tó túmọ̀ sí pé bùùtù tó ga ní ínṣì 8 tàbí 10 ń bo apá tó pọ̀ níbẹ̀. Ti ínṣì 6 kò kọjá kókósẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ ńkọ́? Ọdẹ tó wọ bùùtù olówó ńlá tó wá ti ọwọ́ bọ ihò òkété, bùùtù rẹ̀ kò rí nǹkan ṣe sí i.

Tí ejò bá ṣán ẹnì kan: ẹ má sín in ní gbẹ́rẹ́, ẹ má so okùn mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ pinpin, ẹ má fẹnu fa oró. Ẹ tú okùn bùùtù, ẹ rọra bọ́ ọ kí ẹsẹ̀ tó wú, torí tó bá wú tán nínú rọ́bà tí kì í fẹ̀, wàhálà kejì nìyẹn. Ẹ má jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà mì, ẹ má jẹ́ kó fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn tí ẹ bá lè gbé e, kí ẹ sì gba ilé ìwòsàn lọ. Ní ìhà Gombe, Kaltungo ni gbogbo ènìyàn mọ̀ fún ìtọ́jú ẹni tí ejò ṣán. Ẹ̀yin ará Abuja, kí ẹ tó wọ igbó ni kí ẹ ti béèrè ilé ìwòsàn tó ní oògùn oró ejò nílẹ̀ lágbègbè tí ẹ ń lọ. Lọ́dún 2017 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé fi oró ejò sínú àwọn àrùn ilẹ̀ olóoru tí ayé ń fojú fò, bẹ́ẹ̀ àwọn ará abúlé wa ti mọ ọṣẹ́ rẹ̀ tipẹ́.

Níbo ni mo ti lè rí i rà, báwo ni mo sì ṣe máa mọ èyí tí kò tíì bàjẹ́?

Tuntun ṣòro rí lórí àtẹ. Ọ̀pọ̀ ń ní kí ẹbí tó ń bọ̀ láti òkè òkun bá wọn gbé e wá. Òkìríkà lọ̀pọ̀ yòókù ti ń rí i: ní Wuse, ní Garki, ní ọjà Kubwa, ní Mararaba, níbi tí wọ́n ti ń da bàtà sílẹ̀ lórí tapólì. Ẹ dé ibẹ̀ ní kùtùkùtù, ìgbà tí wọ́n ń tú ìdì, torí àwọn tó máa ń tún un tà ti mọ ojú ọ̀nà jù yín lọ.

Tí ẹ bá ti rí i, ẹ má kọ́kọ́ béèrè iye tó jẹ́. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ká a kò níbi tí ọmọ ìka ti ń ṣẹ́ tí ènìyàn bá ń rìn. Rọ́bà tó ti gbó á là wẹ́wẹ́ níbẹ̀, bó ti wù kí wọ́n fi pọ́líìṣì kùn ún tó. Ẹ tẹ èékánná mọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀: rọ́bà tó dáa á wọlé díẹ̀, á sì padà sípò. Tó bá ń rún, tó ń já bọ́ bí ẹ ti ń fọwọ́ kàn án, kì í ṣe rọ́bà gidi, fóòmù ni. Irú fóòmù bẹ́ẹ̀ máa ń jẹra fúnra rẹ̀ nínú sítọ́ọ̀ pàápàá, tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ rí, torí pé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ń tú u ká díẹ̀díẹ̀. Ìdí nìyẹn tí bàtà tó rí bíi tuntun fi lè fi àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lójú ọ̀nà lọ́jọ́ àkọ́kọ́.

Lẹ́yìn náà, ojú ìránpọ̀. Ẹ wá ìlà òwú méjì tàbí mẹ́ta tó yí bàtà ká. Ẹ di awọ mú lọ́wọ́ kan, ẹ di rọ́bà mú lọ́wọ́ kejì, ẹ fà wọ́n kúrò lọ́dọ̀ ara wọn. Ihò abẹ́rẹ́ kò gbọdọ̀ fẹ̀. Tí ihò kan bá ti ya pàdé èkejì, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé gọ́ọ̀mù á mú un. Èyí tí kò ní òwú rárá, tó jẹ́ gọ́ọ̀mù nìkan ló so awọ mọ́ rọ́bà, mi ò ní rà á, torí ooru Abuja nínú bùùtù mọ́tò nìkan tó láti mú gọ́ọ̀mù rọ̀.

Ẹ wo ahọ́n bàtà. Kó jẹ́ pé wọ́n rán an mọ́ ẹ̀gbẹ́ méjèèjì títí gòkè, kí omi má baà gba ibẹ̀ wọlé. Tí ahọ́n bá wà lófo, gbogbo gíga bàtà yẹn kò jẹ́ nǹkan kan. Ibi tí wọ́n bá rán ahọ́n mọ́ dé nìkan ni bàtà lè dá omi dúró dé.

Tí ẹ bá gbé e délé, ẹ fi ìwé ìròyìn gbígbẹ sínú rẹ̀, ẹ gbé e sínú bàsíà omi tó ga díẹ̀ ju ojú ìránpọ̀ lọ, kí ẹ sì fi nǹkan wúwo tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Tí ẹ bá máa jẹun tán, ìwé ìròyìn á ti sọ ibi tó ń jò fún yín.

Nọ́ńbà wo ni kí n rà?

Rọ́bà kì í na bí awọ. Gbólóhùn yẹn ni gbogbo ìdáhùn, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká là á yé ara wa. Bàtà awọ tó bá fún yín lónìí lè gba ẹsẹ̀ yín lẹ́yìn oṣù kan. Èyí tí rọ́bà rẹ̀ bá fún yín lónìí, á fún yín títí ẹ óò fi sọ ọ́ nù. Nítorí náà ìsàlẹ̀ ni kí ẹ fi wọ̀n ọ́n, kì í ṣe òkè.

Wàhálà òdìkejì ló wá wọ́pọ̀ jù: ọ̀pọ̀ nínú àwọn bùùtù wọ̀nyí tóbi ju nọ́ńbà tí wọ́n kọ sí i lára, torí pé ẹni tó ń gbé ilẹ̀ òtútù ń wọ ìbọ̀sẹ̀ tó nípọn sínú rẹ̀. Ẹni tó ń wọ 43 lè rí i pé 42 ló bá òun mu pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́. Ẹ lọ rà á ní ìrọ̀lẹ́, torí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ lẹ́yìn ìrìn ọjọ́ kan. Ẹ gbé ìbọ̀sẹ̀ tí ẹ máa fi wọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ so okùn rẹ̀, ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn kí orí ẹsẹ̀ dojú kọ ìsàlẹ̀: ọmọ ìka kò gbọdọ̀ kan iwájú. Ẹ rìn díẹ̀: tí gìgísẹ̀ bá ń gòkè ju bó ti yẹ lọ, ìléròrò ló máa bí.

Àwọn nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára òkìríkà máa ń da ènìyàn lójú rú. 42 ti ilẹ̀ Yúróòpù sún mọ́ 8 ti Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sún mọ́ 9 ti ọkùnrin Amẹ́ríkà. Ti obìnrin Amẹ́ríkà máa ń fi bí ọ̀kan àbọ̀ ju ti ọkùnrin lọ, ìyẹn ni pé ìyàwó ilé tó bá rí 9 ti obìnrin ń wo nǹkan bíi 7 àbọ̀ ti ọkùnrin.

Èyí tó ní irun tàbí kànrìnkàn nínú ńkọ́?

Rárá o. Ilẹ̀ Maine ni kó wà.

Kí ni ìyàtọ̀ òun àti bàtà òjò? Bàtà òjò kò wọ́n.

Òótọ́ ni, tó bá sì jẹ́ pé ẹ fẹ́ la odò kọjá ni, bàtà òjò ga jù ú, kò sì ní ojú abẹ́rẹ́ kankan tí omi lè gbà wọlé. Ẹ rà á. Ṣùgbọ́n ẹ gbìyànjú láti fi tọ ẹran lẹ́yìn. Á máa dún gbòǹ gbòǹ lẹ́sẹ̀, kókósẹ̀ yín kò ní ìdìmú, ẹrẹ̀ lè fà á bọ́ kúrò lẹ́sẹ̀ yín, òógùn á sì kún inú rẹ̀ kí ó tó di ọ̀sán. Bùùtù onísàlẹ̀ rọ́bà máa ń bá ẹsẹ̀ mu torí okùn rẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ rọ̀, ó sì ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbọ́ igi gbígbẹ kí ó tó ṣẹ́.

Ṣé ṣúmékà wa kò lè gé ìsàlẹ̀ bàtà òjò kó rán awọ mọ́ ọn?

Bí Bean ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, ẹ kò sì sọ ohun tí kò ṣeé ṣe. Awọ kò wọ́n wa: ìgbà pípẹ́ ni Kánò àti Sókótó ti ń ṣe awọ ewúrẹ́ tí àwọn oníṣòwò gbé la aṣálẹ̀ kọjá dé Mòrókò, tí àwọn òyìnbó wá ń pè é ní awọ Mòrókò. Ọwọ́ ṣúmékà wa náà mọ abẹ́rẹ́.

Ìṣòro wà níbi rọ́bà. Ọ̀pọ̀ bàtà òjò tó wà lórí àtẹ kì í ṣe rọ́bà, PVC ni, irú tí wọ́n fi ń ṣe páìpù omi, àmọ́ tí wọ́n mú kó rọ̀. Abẹ́rẹ́ tó bá gún un á fi ihò sílẹ̀ tó máa ń ya tí ènìyàn bá ń ṣẹ́ ẹsẹ̀ rìn; gọ́ọ̀mù rọ́bà kì í sì í mú un dáadáa. Tí ẹ bá rí bàtà òjò tí rọ́bà rẹ̀ jẹ́ gidi (ó máa ń wúwo díẹ̀ sí i, ó sì ń padà sípò tí ẹ bá fà á), ṣúmékà tó gbọ́n lè ṣe é fún yín. Kó fi awọ màlúù ṣe òkè, kó jẹ́ kí awọ wọ inú rọ́bà ní ìwọ̀n ìka méjì, kó fi òwú tí wọ́n fi ìda kùn rán an ní ìlà méjì tí ojú wọn kò dojú kọra, kó má sì rán an mú jù, torí òwú tó mú jù ni í gé rọ́bà. Awọ ewúrẹ́ dára lójú, ṣùgbọ́n ó fẹ́lẹ́ jù fún èyí.

Irú ìbọ̀sẹ̀ wo?

Òwú lásán máa ń mu òógùn, kì í sì í tètè gbẹ. Ìbọ̀sẹ̀ fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi irun àgùntàn hun dára jù, kódà nínú ooru, lẹ́yìn rẹ̀ ni irú èyí tí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù ń wọ̀. Ẹ mú èkejì lọ́wọ́. Tí ẹ bá jókòó jẹun lọ́sàn-án, ẹ bọ́ bùùtù, ẹ fẹ́ ẹsẹ̀ sí atẹ́gùn, ẹ wọ ti gbígbẹ. Omi tó wà nínú bùùtù yìí láàárín ọjọ́, òógùn yín ló pọ̀ jù níbẹ̀, kì í ṣe omi odò. Láti ara ọ̀rinrin yẹn ni làpálàpá àárín ọmọ ìka ti ń wá.

Kí ẹ sì fi ẹnu ìbọ̀sẹ̀ bo ẹnu ṣòkòtò, tàbí kí ẹ fi ṣòkòtò sínú bùùtù. Èmọ́, tí àwọn Hausa ń pè ní karangiya, fẹ́ràn okùn bàtà. Tí wèrèpè bá sì gba ẹnu bùùtù wọlé, ẹ kò ní rántí ẹran mọ́.

Ṣé kì í yọ̀?

Ó ń yọ̀. Èyí tí abẹ́ rẹ̀ ní ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ṣẹ́ kọ́rọkọ̀rọ, tí ẹrẹ̀ kì í há sí, ń yọ̀ lórí àpáta tútù àti lórí amọ̀ tó dán. Àpáta pọ̀ ní Abuja, ẹ má sì fi bùùtù yìí gun ti Bwari lẹ́yìn òjò. Lórí yangí gbígbẹ kò sí ìṣòro, bó tilẹ̀ jẹ́ pé yangí máa ń jẹ rọ́bà díẹ̀díẹ̀. Èyí tó ní eyín gígùn lábẹ́ di ilẹ̀ mú jù ú, ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ dúdú ìhà Gombe àti Borno á kún àárín eyín yẹn tí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan á fi wúwo. Ẹ̀gún igi ńlá lè gún àtẹ́lẹsẹ̀ tó rọ̀ kọjá. Tí ẹ bá ń rìn láàárín igi bọ̀nì, ẹ fi awọ pẹlẹbẹ kan sínú bàtà lábẹ́ ẹsẹ̀.

Kí ni kí n fi pa á?

Awọ: ẹ nu ẹrẹ̀ kúrò pẹ̀lú àkísà tútù, ẹ jẹ́ kó gbẹ, ẹ fi òrí díẹ̀ pa á. Òrí kò jìnnà sí wa, igi òrí wà káàkiri Niger, Kwara àti Kogi. Ìwọ̀nba ni o. Awọ tó ti mu òrí yó á rọ̀ jù, á sì máa fà níbi ìránpọ̀. Lásìkò ọyẹ́, tí atẹ́gùn bá gbẹ awọ, ẹ lè pa á léraléra ju ti ìgbà òjò lọ.

Rọ́bà: omi àti ọṣẹ nìkan. Ẹ má fi Vaseline pa á kó lè máa dán, ẹ má fi kẹrosíìnì tàbí pẹtiróòlù nu ọ̀dà kúrò lára rẹ̀. Epo rọ̀bì àti ohun tí wọ́n fi í ṣe máa ń mú rọ́bà wú, á wá rọ̀, á sì gbó láìtọ́jọ́. Mo ti rí àwọn tó fi í dán bàtà kí wọ́n lè tà á. Tó bá ń dán jù lójú ọjà, ẹ fi imú sún mọ́ ọn.

Ẹ̀yin tí ọ̀kadà ń gbé lọ sígbó, ẹ ṣọ́ sàlẹ́ńsà. Ó máa ń jó rọ́bà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún kí ẹ tó mọ̀.

Ó tutù tán, òru ni mo dé. Ṣé kí n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná?

Ẹ má ṣe é. Awọ tó gbẹ lẹ́bàá iná máa ń le koko, á sì là, gọ́ọ̀mù tó wà láàárín òun àti rọ́bà á sì yọ́. Ẹ yọ abẹ́sẹ̀ inú rẹ̀ síta, ẹ tú okùn, ẹ fi ìwé ìròyìn kún inú rẹ̀, ẹ pààrọ̀ ìwé náà tó bá ti tutù, ẹ gbé e síbi tí atẹ́gùn ń gbà.

Kí ẹ tó tún wọ̀ ọ́ láàárọ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n, ẹ fi ẹnu rẹ̀ kan ilẹ̀. Àkéekèé fẹ́ràn inú bàtà tó ṣókùnkùn.

Ó ti lu ihò. Ta ló lè bá mi tún un ṣe?

Tí ihò bá wà lára rọ́bà, fọkanáísà ni. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹni tó ń pa táyà lẹ́bàá títì. Iṣẹ́ tó ń ṣe ní táyà kò yàtọ̀: ó máa ha ojú ibẹ̀, á fi gọ́ọ̀mù sí i, á dúró kó gbẹ díẹ̀, á lẹ páàsì tútù mọ́ ọn, á fi òòlù tẹ̀ ẹ́. Ẹ má jẹ́ kó fi iná sí i. Láti ìgbà tí Charles Goodyear ti rí i lọ́dún 1839 pé rọ́bà tí wọ́n fi imí ọjọ́ (sulphur) sí tí wọ́n sì mú gbóná kì í yọ́ lóòrùn mọ́, táyà àti bùùtù ti di ẹbí kan náà, ìwòsàn ọ̀kan sì ń ṣiṣẹ́ fún èkejì. PVC kò sí nínú ẹbí yẹn. Páàsì á ṣí kúrò lára rẹ̀ kí ẹ tó délé.

Tó bá jẹ́ ojú ìránpọ̀ ló já, ṣúmékà ni, ẹ sì dúró tì í. Kó gba inú ihò àtijọ́ rán an, kó má dá ihò tuntun sí àárín wọn, torí bí ihò bá ti sún mọ́ra jù, rọ́bà á ya bí ìwé tí wọ́n lu ojú rẹ̀ kó lè ṣeé ya. Lẹ́yìn tó bá rán an tán, kó fi gọ́ọ̀mù rọ́bà bo ojú òwú láti inú.

Bàbá mi ní ọdẹ tó bá wọ bùùtù kì í gbọ́ ilẹ̀.

Bàbá kò purọ́. Àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn mọ ewé gbígbẹ, ó mọ igi tó fẹ́ ṣẹ́, kò sí rọ́bà tó lè mọ̀ ọ́n tó bẹ́ẹ̀. Àwọn tó fi ẹsẹ̀ lásán wọ igbó nígbà náà mọ igbó wọn bí ẹni mọ yàrá, wọ́n mọ ibi tí kò yẹ kí wọ́n tẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń jókòó sí ọ́fíìsì ní Central Area láti Monday dé Friday, awọ ẹsẹ̀ yín kò rí bíi tiwọn. Ẹ bi bàbá léèrè iye ẹ̀gún tí wọ́n ti yọ lẹ́sẹ̀ wọn rí, ẹ óò gbọ́ ìtàn. Àwọn àgbà ló ń sọ pé bí ọdẹ bá ro ìṣẹ́ ro ìyà, bó bá pa ẹran, kò ní fún ẹnikẹ́ni jẹ. Tí ẹ bá fẹ́ ra bùùtù fún bàbá, ẹ ra èyí tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ fẹ́lẹ́ jù lórí àtẹ, tí kò ga ju ínṣì 6 lọ. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wọ̀ ọ́.

Rọ́bà kì í mú òórùn ènìyàn sílẹ̀, ṣé òótọ́ ni?

Ó dín díẹ̀. Ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ sí ṣe pàtàkì jù ú ní ìlọ́po púpọ̀.

Ṣé mo lè wọ̀ ọ́ kọjá níwájú àwọn sójà?

Bùùtù yìí kò ní yọ yín lẹ́nu, torí pé rọ́bà ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi í hàn pé kì í ṣe tiwọn. Ohun tó máa yọ yín lẹ́nu ni ṣòkòtò alámì sójà tí ẹ bá wọ̀ mọ́ ọn. Ẹ má ṣe é rárá, pàápàá lójú ọ̀nà Kaduna tàbí lágbègbè tí àwọn ajínigbé ń dà láàmú. Kí ẹ tó wọ igbó abúlé èyíkéyìí, ẹ lọ kí baálẹ̀ tàbí sarki ibẹ̀, kí wọ́n mọ̀ yín lójú. Ìbọn, ìbáà jẹ́ ṣakabùlà, gbọ́dọ̀ ní ìwé àṣẹ lábẹ́ òfin ìbọn ti 1959. Igbó ọba bíi Kainji, tí ìjọba yà sọ́tọ̀ ní Niger àti Kwara, àti Kamuku ní Kaduna, kò sí ìdẹ̀gbẹ́ níbẹ̀. Ẹni tó bá sì rí akíka níbikíbi, kó fi í sílẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀rùn dé, mo fẹ́ gbé e pamọ́ títí òjò á fi padà.

Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú, ẹ pa òrí fẹ́lẹ́ sí awọ. Ẹ má gbé e sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri, ikán máa ń gba ibẹ̀ wá jẹ awọ láti ìsàlẹ̀. Orí pákó tàbí kí ẹ so ó kọ́ ni. Ẹ má fi í sínú ọ̀rá, á bu. Ẹ má fi í sẹ́yìn mọ́tò, ẹ má sì fi í sójú oòrùn ní bálíkónì. Kí ẹ fi ìwé ìròyìn kún inú rẹ̀ kó má wó, kí ẹ sì yọ okùn rẹ̀ tó ti gbó, torí ìgbà tí ẹ bá fẹ́ jáde ní kùtù hàì lọ́jọ́ àkọ́kọ́ òjò ni okùn máa ń já, ṣọ́ọ̀bù kò sì tíì ṣí.